Àdúgbò Ní Kí Ẹ Dìde, Ẹ Dìde. Èmi Ní Kí Ẹ Dìde, Ẹ Kò Dìde

Yéè! Bàbá Bọ́láńlé, ẹ̀yin lẹ ṣe mí báyìí? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí n pè yín lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dáhùn! Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn ni ẹnu mi ti là sílẹ̀ tí kò tíì padé. Mo gbé tíì yín wọ yàrá, mo ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Ẹ kò dìde. Mo rò pé eré ni, torí ẹ fẹ́ràn irú eré bẹ́ẹ̀ jù. Mo tún ní, "Ẹ dìde, tíì ń tutù." Ìgbà tí mo fọwọ́ kan èjìká yín ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe tíì ló ń tutù. Títí di bí mo ṣe ń sọ èyí, tí ọmọ wa Bọ́láńlé ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kò tíì yé mi. Mo ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà pé ẹ máa tó wọlé, ẹ ó bọ́ fìlà yín, ẹ ó ní, "Ìyá Bọ́lá, kí ló ṣẹlẹ̀ tí ilé wa fi kún báyìí?"

Ẹ̀yin ará tí ẹ bá wa kẹ́dùn, tí ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú yìí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ọkọ mi jẹ́ fún yín. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni àwa méjèèjì ti wá sí Ọ̀tà nígbà ọ̀dọ́ wa. Èmi dá ìsọ̀ ọ̀dà sílẹ̀ ní Sango, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama nípa ètò ìjọba, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò wa ní Itele fi ń pè é ní Tíṣà. Olóòótọ́ ni, onísùúrù ni, ọkùnrin tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó ní èmi máa ń jó kọ́là. Tí ẹnikẹ́ni bá jókòó tì í, tó ní ìjọba ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan fún wa, ìbéèrè kan náà ló máa bi í: "Ìjọba wo?" Ṣé ti ìbílẹ̀ ni, ṣé ti ìpínlẹ̀ ni, àbí ti àpapọ̀? Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń bá wí. Ọlọ́kadà kan gbé e láti Ọ̀tà lọ́jọ́ kan, ó ń ráhùn nípa ihò ojú títì, Tíṣà sì ń bi í ní "Ìjọba wo?" láti ẹ̀yìn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọlọ́kadà dúró, ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Bàbá Bọ́lá, ẹ rántí bí ẹgbẹ́ onílé wa ṣe rí kí ẹ tó dá sí i. A dìbò yan alága fún ọdún gbọọrọ, bó ṣe di alága tán, ó ti géètì ilé rẹ̀ pa. Kì í wá sípàdé mọ́, iṣẹ́ ló ń rán sí wa. Nígbà tí ọdún rẹ̀ pé tó kúrò, ẹ dìde lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé Bàbá Alapoti, ẹ sì ṣàlàyé fún wa bí ẹni pé ọmọ kíláàsì yín ni gbogbo wa. Ẹ ní àwọn ilẹ̀ kan wà láyé tí ìjọba ìpínlẹ̀ wọn kò rí bíi tiwa, pé àwọn bàbá wa pàápàá ti lo irú rẹ̀ rí níhìn-ín. Ẹ ní níbẹ̀, aráàlú kì í dìbò yan olórí ìjọba ní tààrà. Àwọn aṣojú tó máa jókòó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n ń yàn. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá ní aṣojú tó pọ̀ jù nínú ilé ló máa fa olórí ìjọba kalẹ̀ láàárín ara wọn, òun náà á sì mú àwọn tí yóò máa bójú tó ìlera àti ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ òde láti inú ilé kan náà. Gbogbo wọn á tún padà wá jókòó síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè, àwọn alátakò á sì jókòó sí òdìkejì, wọ́n á máa wò wọ́n lójú kòró. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú ilé bá ní àwọn ò fẹ́ wọn mọ́, ìjọba yẹn ti ṣubú nìyẹn, bí wọn ò tilẹ̀ jí nǹkan kan.

Alhaji Músílíù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Alhaji yìí, wẹ́dà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lórí kọ́nà àdúgbò wa, ohùn rẹ̀ sì máa ń ga bíi pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, gómìnà tiwa wá ń kọ́? Kí ló dé tí òun kì í wá jókòó nílé ìgbìmọ̀ kí wọ́n bi í léèrè?" Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ìbéèrè tí ẹ ń retí nìyẹn. Ẹ ní tiwa yàtọ̀: aráàlú ló dìbò fún gómìnà fúnra rẹ̀, ó sì ní iye ọdún tí òfin fún un. Ilé ìgbìmọ̀ lè ṣòfin, wọ́n lè yẹ ìnáwó rẹ̀ wò, wọ́n sì lè pe àwọn kọmíṣánnà rẹ̀ wá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n wọn ò lè yọ ọ́ kìkì torí pé ìlànà rẹ̀ ò wù wọ́n. Ó di ìgbà tó bá hùwà àìtọ́ tó wúwo. Alhaji ní, "A jẹ́ pé ti àwọn ará ibẹ̀ yẹn dáa jù. Ẹ jẹ́ ká lò ó níbí." Báyìí ni àdúgbò wa ṣe di ìpínlẹ̀, tí ẹ̀yin sì di olórí ìjọba rẹ̀.

Háà, a gbádùn ara wa o! Bẹ́ńṣì méjì ni ẹ ní kí a tò kí wọ́n kọjú síra wọn, àga onígi tí ẹ gbé wálé láti ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ìdágbére fún yín sì ni olórí ìjọba ń jókòó lé. Ẹ fi Bàbá Alapoti, tó dàgbà jù láàárín wa, ṣe gómìnà. Ẹ ní gómìnà ti irú ìjọba bẹ́ẹ̀, bí àgbà ilé ló rí: ó ń ṣí ìpàdé, ó ń fọwọ́ sí ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí, ó ń pe ẹni tí ọ̀pọ̀ bá tì lẹ́yìn pé kó wá dá ìjọba sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá sí ìjà. Bàbá ní, "Kí ẹ̀yin máa jà, kí èmi kàn máa wò yín? Ìyà wo lẹ fi ń jẹ mí yìí, Tíṣà?" Ní tèmi, ẹ kọ̀ láti fún mi ní kọmíṣánnà ìmọ́tótó. Ẹ ní wọ́n máa pè é ní ìjọba tọkọtaya. Mo bínú, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì alátakò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń bi yín léèrè ọ̀rọ̀ gọ́tà níwájú gbogbo ayé. Ẹ ó dá mi lóhùn pé, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyáàfin tó béèrè." Ìyáàfin! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ fún yín kí a tó jáde nílé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fún wa ní wàhálà. Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ṣàlàyé bí ilé ṣe ń yọ olórí ìjọba, ẹ pè é ní ìbò àìgbẹ́kẹ̀lé. Bàbá Alapoti pariwo, ó ní, "Kí ni Tíṣà jí?" Ẹ yí i padà sí ìbò àìfọkàntán, ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ rí i pé tí wọ́n bá ní àwọn ò gbẹ́kẹ̀ lé èèyàn mọ́ ní èdè wa, wọ́n ti pè é ní olè tàbí òpùrọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ìbò náà ń sọ nìyẹn rárá. Ẹ ronú lé e lórí fún ọjọ́ mélòó kan. Balùwẹ̀ ni ẹ wà tí ẹ fi pè mí, ọṣẹ wà lójú yín, ẹ ní, "Ìyá Bọ́lá, mo ti rí i! Ìbò ẹ-dìde!" Ẹ ní kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀sùn. Wọ́n kàn ń sọ fún èèyàn pé kó dìde lórí àga kí ẹlòmíràn jókòó, ẹni tó bá sì dìde lónìí lè padà jókòó lọ́jọ́ mìíràn. Orúkọ tí a ń pè é títí dòní nìyẹn.

Alhaji tún ta kò yín lórí ìyẹn. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé gbogbo ìpàdé la ó máa lé èèyàn dìde, ta ló máa wá ṣiṣẹ́?" Ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí àléébù irú ìjọba yẹn gan-an nìyẹn, pé ó lè máa ṣubú ṣáá. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ wá jọ gbé òfin kan kalẹ̀: ẹni tó bá sọ pé kí olórí ìjọba dìde gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun máa ṣe, tí ilé bá sì gbà, òun ló gbọ́dọ̀ jókòó. Kò gbọdọ̀ ní òun kàn ń sọ ọ́ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn, torí òun ni mo ń bọ̀ wá bá.

Ọ̀rọ̀ tírélà ló gbé ìjọba yín ṣubú. Àwọn tírélà tó ń kó ẹrù fún ilé iṣẹ́ rí i pé ojú títì ńlá ti bàjẹ́, wọ́n sì ń gba àdúgbò wa kọjá. Wọ́n fọ́ gọ́tà, wọ́n wó ògiri, ilé ń mì. Ẹ̀yin ní títì kì í ṣe tiwa, kí a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí a dé ọ̀dọ̀ aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, kí a ní sùúrù. A kọ̀wé, a ní sùúrù, tírélà ń kọjá. Alhaji ní òun máa fi irin ṣe ìdènà sí orí kọ́nà tí ọkọ̀ kékeré á lè gba abẹ́ rẹ̀, tí tírélà ò ní lè kọjá. Ẹ ní ẹ kò lè ṣe ìyẹn láìgba àṣẹ. Ní ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn yẹn, Alhaji dìde, ó na ìka sí àga, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde." Wọ́n nawọ́, ọwọ́ sì pọ̀ ju tiyín lọ. Ẹ dìde lójú ẹsẹ̀. Ẹ fọwọ́ nu àga náà fún un, ẹ kí Bàbá Alapoti, ẹ sì ń lọ sílé wéréwéré, ẹ sorí kọ́, ẹ fi áńkáṣíìfù bo ẹnu.

Bí àdúgbò ṣe rí yín kẹ́yìn nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tí ẹ kò jí, ohun tí wọ́n rí yìí ni wọ́n fi hun ọ̀rọ̀. Wọ́n ní Tíṣà sunkún dé ilé. Wọ́n ní ìtìjú ló pa á. Ìbò ẹ-dìde kúrò lẹ́nu wọn, àìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n tún ń pè é, bíi pé ẹ kò fọwọ́ ìfẹ́ wá orúkọ mìíràn fún un rárá. Wọ́n sì ní ẹni tó ṣe é ni Alhaji Músílíù.

Ẹ gbọ́ o, gbogbo ará Itele! Èmi ni mo tẹ̀ lé e wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ló fi áńkáṣíìfù bò. Bí mo ṣe pa ilẹ̀kùn dé ló bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó lé àga, ó ń gbá itan, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú máa rẹ́rìn-ín lójú títì ni òun ṣe sáré wálé. Ó ní, "Ó ti yé wọn! Ìyá Bọ́lá, ó ti yé wọn! Kò sẹ́ni tó bú mi. Kò sẹ́ni tó ju àga. Wọ́n nawọ́, mo dìde, ó parí." Gbogbo ọdún tí ó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nínú kíláàsì, ó ní kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ náà tí òun fojú rí tó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó jẹ ẹ̀bà, ó tún béèrè sí i. Ó ní òun ti di alátakò nìyẹn, òun máa wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé Músílíù á rí nǹkan.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó fẹ́ lọ kí Alhaji ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kí a tilẹ̀ jáde nílé rárá. Òjò yẹn dùn mí ju ohun gbogbo lọ. Ìbéèrè tó fẹ́ bi Alhaji ló ń dán wò kiri inú ilé: "Ṣé olórí ìjọba lè sọ fún ilé yìí, tí iná bá ṣẹ́ yọ, báwo ni ọkọ̀ panápaná ṣe máa gba abẹ́ irin rẹ̀?" Á bi í tán, á wò mí, á ní, "Ó dáa àbí kò dáa?" Mo ní ó dáa. Ó sùn pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Dókítà ní ọkàn ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú oorun, pé ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ti jọ ń lo oògùn sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Kò sí ìbò níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mú ẹni tó dìbò tako Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ mú mi. Èmi náà na ọwọ́ mi sókè. Tírélà ti wó ògiri ilé wa lẹ́ẹ̀mejì, sùúrù mi ti tán, mo sì rò pé irin Alhaji ló kàn. Ọkọ mi rí ọwọ́ mi kedere. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni pé, "Ìwọ náà, Ìyá Bọ́lá! Ìjọba tọkọtaya dà?" N kò kábàámọ̀ rẹ̀, òun náà kò sì fẹ́ kí n kábàámọ̀. Tó bá jẹ́ ìbò ló pa á, èmi náà ló pa á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ sọ pé ìtìjú pa?

Alhaji, ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí. Ẹ gbé àga náà wá sẹ́nu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kejì tí ó kú. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀yin àgbàlagbà, ojú yín pọ́n, ẹ ní, "Walahi, Ìyá Bọ́lá, mi ò lè jókòó sórí ẹ̀ láé. Tí mo bá mọ̀ ni, mi ò bá ti panu mọ́." Láti ìgbà náà, ẹ ò yọjú síta, ṣọ́ọ̀bù yín wà ní títì, ìpàdé kò tún wáyé, tírélà sì ń kọjá. Àga náà ṣì wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá ni mo ń rí i pé kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn aláhesọ ń sọ máa di òótọ́, ohun tí ọkọ mi kọ́ wa á sì bá a wọlẹ̀. Ẹ̀yin àti òun lẹ jọ ṣe òfin yẹn. Ẹni tó bá ní kí ẹnìkan dìde gbọ́dọ̀ jókòó. Lẹ́yìn ìsìnkú yìí, ẹ wá gbé àga yín. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ níwájú gbogbo wa lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi á ti wà lórí bẹ́ńṣì kejì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sì máa bi yín ni ti ọkọ̀ panápaná. Ẹ tètè wá ìdáhùn, torí Tíṣà ló ṣe ìbéèrè náà, kò sì rọrùn.

Bàbá Bọ́láńlé, olówó orí mi, olùkọ́ tó kọ́ ìgboro lẹ́yìn tó kọ́ kíláàsì tán, ẹni tó mọ bí a ti ń jókòó sórí àga tó sì mọ bí a ti ń dìde níbẹ̀. Ìyàlẹ́nu yìí kò tíì kúrò lára mi, kò sì dá mi lójú pé yóò kúrò. Láàárọ̀ òní, mo tún po tíì méjì. Mo ti ń gbé tiyín lọ sí yàrá kí n tó rántí. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo la ẹnu láti pè yín, mo sì pa á dé. N kò ní sọ pé kí ẹ dìde mọ́, ọkọ mi. Lẹ́ẹ̀kan yìí, kò sí ẹni tó fẹ́ àga lọ́wọ́ yín. Ẹ máa sinmi níbi tí ẹ wà. Ẹ sùn re o.

Aya yín, Ìyá Bọ́láńlé,
lórí bẹ́ńṣì alátakò, pẹ̀lú àyè yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.